Whot ní Èkó

Eré káàdì ni Whot. William Henry Storey, ọmọ England, ló gbé e jáde ní nǹkan bí ọdún 1935. Káàdì 54 ló ní. Márùn-ún nínú wọn, tó ní nọ́ńbà 20, ni Whot gan-an, tí ẹni tó bá jù ú sílẹ̀ fi ń béèrè àmì tó wù ú.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó bíi káàkiri Nàìjíríà, 14 ni "jẹ́nẹ́rà mákẹ́ẹ̀tì": gbogbo àwọn yòókù á mú káàdì kọ̀ọ̀kan.

Orí káàdì 2, tó ń mú kí ẹni tó kàn kó káàdì méjì, ni ariwo pọ̀ sí. Àwọn kan ní èèyàn lè fi 2 mìíràn gbèjà ara rẹ̀, kí ẹni tó kàn kó mẹ́rin. Àwọn mìíràn ní ojoro ni.