Ẹ Má Wọ Agbádá Bàbá fún Ọmọ

Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà Iginla kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ibi tí ó ti wá. Igi ńlá ni, Yorùbá pọ́ńbélé. Ṣùgbọ́n Iginla tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́. Orí yìnyín ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Jarome Iginla ni wọ́n ń pè é, Adékúnlé sì wà lára àwọn orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀, ìlú Edmonton ní ilẹ̀ Kánádà ni wọ́n sì ti bí i ní ọdún 1977. Kí ó tó fi eré họ́kì sílẹ̀, ó ti gbá góòlù 625 wọlé nínú líìgì tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ní ọdún 2002, nígbà tí Kánádà gba wúrà họ́kì ní Òlíḿpíìkì lẹ́yìn 50 ọdún, góòlù 5 ni wọ́n fi na Amẹ́ríkà. 2 nínú rẹ̀, Iginla ló gbá a.

Àwa tí a wà nílé níbí, yìnyín tí a mọ̀ kò ju èyí tó ń bá òjò bọ́ àti èyí tí àwọn ẹlẹ́ja fi ń tọ́jú ẹja lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà. Ẹ fojú inú wo pápá tí omi dì sí gbagidi, tó ń dán bíi dígí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 200 ẹsẹ̀ bàtà, ìbú rẹ̀ jẹ́ 85. Òṣèré 6 ló máa ń wà ní apá kọ̀ọ̀kan, aṣọ́lé wà nínú wọn. Bàtà tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀bẹ wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀, ọ̀pá tó tẹ̀ lẹ́nu ni wọ́n ń mú lọ́wọ́. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń lé kiri. Àwo róbà dúdú pẹlẹbẹ kan ni, pọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí yóò ṣe eré yìí gbọ́dọ̀ tún ìrìn kọ́ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò tó kọ́ bí a ti ń sáré sẹ́yìn, bí a ti ń yà lójijì, àti bí a ti ń darí pọ́ọ̀kì láìwo ilẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé ní irú nǹkan báyìí? Ìbéèrè náà ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà fún ọdún pípẹ́, ìtàn ìjà náà ni mo sì fẹ́ sọ.

Àwọn ará Kánádà ló ni eré yìí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1875 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣètò rẹ̀ nínú ilé bí ìdíje gidi, ní ìlú Montreal. Nígbà tí wọ́n mú un wọ Òlíḿpíìkì ní 1920, Kánádà ló gbà á, wọ́n sì tún gbà á ní 1924, 1928 àti 1932. Bí ọmọdé ò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún wọn. Wọ́n gbà pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ Kánádà ni họ́kì wà, pé kò sí ohun tí a ń kọ́ ọmọ ju pé kó lágbára, kó láyà, kó sì máa díje.

Ní ọdún 1951, ọkùnrin ará Toronto kan, Lloyd Percival, kọ ìwé lórí họ́kì. Ó tú eré náà palẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: bí ẹsẹ̀ ṣe ń ti yìnyín, bí a ṣe ń fúnni ní páàsì, bí a ṣe ń mú ara le. Ó ní ohun tó ṣeé kọ́ ni gbogbo rẹ̀, ní ìpele-ìpele. Àwọn ọ̀gá họ́kì ilé rẹ̀ ò kà á kún. Wòlíì kì í kúkú lọ́lá ní ìlú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà ní Moscow tí ó jókòó ti ìwé yìí bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀.

Anatoly Tarasov ni ọkùnrin náà. Nígbà tí àwọn ará Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ họ́kì irú ti Kánádà ní 1946, wọn ò ní pápá inú ilé tí ẹ̀rọ ń mú yìnyín rẹ̀ dì. Bí ooru bá ti dé, yìnyín yọ́, eré parí nìyẹn. Kí ni Tarasov wá ṣe? Ó kó àwọn òṣèré rẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Wọ́n sáré, wọ́n fò, wọ́n gbé irin, wọ́n tàkìtì, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n ju bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Àìní ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Nígbà tí Kánádà ń wá ẹni tí yóò fi èjìká gbá ènìyàn ṣubú, òun ń wá ẹni tí yóò rí ẹnìkejì rẹ̀ lójú, tí yóò sì fún un ní páàsì. Ní 1954, tí Rọ́ṣíà kọ́kọ́ bá wọn díje fún ife àgbáyé họ́kì, wọ́n na Kánádà 7 sí 2. Láti 1963 títí dé 1971, lọ́wọ́ Tarasov àti ẹnìkejì rẹ̀, Arkady Chernyshev, ọdún 9 gbáko ni ife náà kò kúrò lọ́wọ́ Rọ́ṣíà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló wá wù mí jù nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Ní 1964, wọ́n dá ìdíje kan sílẹ̀ tí wọ́n sọ ní Pọ́ọ̀kì Wúrà, Tarasov sì ni òpómúléró rẹ̀. Kì í ṣe àwọn ọmọ tó ti wà nínú ẹgbẹ́ ńlá ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ti àwọn ọmọ àdúgbò ni, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ń ṣeré níwájú ilé bàbá wọn. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá dẹ àwọ̀n sí ojú kan ṣoṣo, ẹja díẹ̀ ni yóò kó.

Ẹ wo Valeri Kharlamov, tí wọ́n bí ní Moscow ní 1948. Ní 1961, àìsàn kọlu ọkàn rẹ̀, àwọn dókítà sì ní kò gbọ́dọ̀ sáré, kò gbọ́dọ̀ fò. Nígbà tó di 1962, bàbá rẹ̀ yọ́ mú un lọ sí pápá yìnyín ẹgbẹ́ CSKA, ìyá rẹ̀ ò gbọ́. (Mi ò ní kí òbí kankan kọ ọ̀rọ̀ dókítà o!) Ọmọ ọdún 14 ni, ṣùgbọ́n ó kéré débi pé wọ́n fi í sí àárín àwọn ọmọ 13. Nígbà tó dàgbà, Tarasov fúnra rẹ̀ ṣì rò pé ó kéré jù, ó ní kó lọ máa bá ẹgbẹ́ kan ṣeré ní Chebarkul, ọ̀nà jíjìn réré. Ìgbà tó padà dé, kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ pé ó kéré.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972 ni ojú wá là. Kánádà kó àwọn ògbóǹtarìgì tí ń fi họ́kì jẹun jọ láti bá Rọ́ṣíà ṣe eré 8. Ọ̀pọ̀ àwọn oníwèé-ìròyìn wọn ní gbogbo rẹ̀ ni àwọn yóò jẹ. Ní ọjọ́ 2 oṣù náà, ní Montreal, ìṣẹ́jú àáyá 30 péré ni Kánádà fi gbá àkọ́kọ́ wọlé. Kò pẹ́, ìkejì wọlé. Inú ń dùn. Ṣùgbọ́n kí eré tó parí, Rọ́ṣíà ti gbá 7, Kánádà 3. Kharlamov ló gbá 2 nínú rẹ̀. Aṣọ́lé wọn, Vladislav Tretiak, ọmọ 20 ọdún ni! Lóòótọ́, Kánádà ló padà gba ìdíje náà: wọ́n jẹ 4, wọ́n pàdánù 3, ọ̀kan jẹ́ ọ̀mì. Góòlù tí Paul Henderson gbá ní Moscow, nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 34, ló kó wọn yọ. Tarasov ti fi ipò sílẹ̀ nígbà náà, Vsevolod Bobrov ló ń darí Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òṣèré tó wà lórí yìnyín jẹ́ ọmọ tí Tarasov tọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Láti ìgbà náà ni Kánádà ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí ẹlòmíràn ṣe ń kọ́ ọmọ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Ṣókótó kúkú wà nínú ṣòkòtò. Ẹ̀yìnkùlé ilé kan ní ìlú Brantford ló wà. Walter Gretzky, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tẹlifóònù, a máa fi omi rin ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nígbà òtútù títí yóò fi dì. Ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ Wayne, tí wọ́n bí ní 1961, ti kọ́ họ́kì láti kékeré. Bàbá á to agolo sílẹ̀, ọmọ á máa darí pọ́ọ̀kì gba àárín wọn. Bàbá á tẹ́ ọ̀pá sílẹ̀, ọmọ á máa fò wọ́n kọjá, á sì máa gba páàsì. Bí họ́kì bá wà lórí tẹlifíṣàn, ọmọ á mú bébà, á máa fi ilà tọ ipa pọ́ọ̀kì, kó lè mọ ibi tó ń gbà jù. Nígbà tí ooru bá dé, wọ́n á kó bàtà onírin pamọ́, ọmọ á lọ ṣe eré mìíràn.

Nígbà tí Wayne di ọmọ ọdún 6, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ọdún 10. Aṣọ eré wọn tóbi jù fún un, ó ń kọ́ ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́; ni bàbá rẹ̀ bá ki apá ọ̀tún aṣọ náà bọ inú ṣòkòtò. Títí tó fi fi eré sílẹ̀ ní 1999, bẹ́ẹ̀ ló ń wọ aṣọ rẹ̀. Ní 1971 sí 1972, lọ́mọ ọdún 10, góòlù 378 ló gbá. Nínú líìgì àgbà, ó gbá 894, kò sì sí ẹni tó kọjá rẹ̀ títí di 2025, tí Alexander Ovechkin, ọmọ Rọ́ṣíà, fi kọjá.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí ti ṣì í gbọ́. Wọ́n rí 378, wọn ò rí agolo. Wọ́n rí ọmọ kékeré láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n, wọ́n wá rò pé ìdíje ló sọ ọ́ di akọni.

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Kánádà pè mí lórí fóònù nípa irú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 7. Kóòṣì kan ní kó sanwó kí ọmọ náà máa díje látòtútù dé ooru, láìsinmi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi í sílẹ̀. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé kí n san án ni?” Mo ní kó kọ́kọ́ bá mi béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ kóòṣì: ìṣẹ́jú mélòó ni pọ́ọ̀kì ń wà lẹ́nu ọ̀pá ọmọ yẹn lọ́jọ́ ìdíje?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹ ní ẹgbẹ́ méjì, ọmọ 15-15. Àwọn 12 péré ló wà lórí yìnyín lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn 18 jókòó. Pọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lé lórí pápá tó gùn tó 200 ẹsẹ̀ bàtà. Ọmọ tó yára jù lọ ló ń gbà á, àwọn tó kù ń sáré tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìdènà pín pápá náà sí ọ̀nà mẹ́ta, tí ẹ sì ju pọ́ọ̀kì 3 sílẹ̀, ọmọ tó ń ṣeré á pọ̀ sí i, ẹni tó ń jókòó á dín kù, ọwọ́ gbogbo wọn á sì máa ba pọ́ọ̀kì. Àwa tí a gbá fẹ́lẹ́lẹ́ ní ojú pópó, tí a fi òkúta ṣe góòlù kékeré, ta ló kọ́ wa ní èyí? Ibi tó há ló kọ́ ẹsẹ̀ wa lọ́gbọ́n.

Ohun tí àjọ họ́kì Amẹ́ríkà mú wá ní 2009 nìyẹn: kí àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 8 lọ máa ṣeré lórí ìdá pápá. Àwọn òbí kan fárígá. Wọ́n ní odindi pápá ni àwọn ń sanwó fún. Ní 2017, Kánádà náà sọ ọ́ di òfin fún àwọn ọmọ ọdún 5 àti 6. Bí ẹ bá wọ agbádá bàbá fún ọmọ, ṣé ó di bàbá? Ṣebí yóò kàn kọsẹ̀ ni.

Ìkọsẹ̀ náà sì lè gba ẹ̀mí ọjọ́ iwájú rẹ̀. Nínú họ́kì àgbà, òfin gbà kí ènìyàn fi ara gbá ẹni tí pọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi àwọn ọmọ ọdún 11 àti 12 ní Alberta, níbi tí wọ́n ti gbà wọ́n láyè láti máa gbára wọn bẹ́ẹ̀, wé àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Quebec, níbi tí a kò ti gbà wọ́n láyè. Ewu pé ọmọ yóò fara pa ní Alberta lé ní ìlọ́po 3, àti ti ọpọlọ tó mì nínú agbárí pẹ̀lú. Ọpọlọ ọmọ ọdún 11! Amẹ́ríkà fòfin dè é fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní 2011, Kánádà tẹ̀ lé e ní 2013. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Iginla tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ìyá rẹ̀ àti àwọn òbí ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Ọdún méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú họ́kì, aṣọ́lé ni. Ó tún gbá baseball débi pé ó wọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Kánádà. Kò sẹ́ni tó fi í sí ojú kan láti kékeré. Nígbà tó di ọlọ́lá, ó ń fi dọ́là 1,000, tó sọ di 2,000 nígbà tó yá, ta ẹgbẹ́ KidSport lọ́rẹ lórí góòlù kọ̀ọ̀kan tó bá gbá, kí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó lè rí eré ṣe. Ó mọ̀ pé bàtà, ọ̀pá, akoto àti owó pápá kì í ṣe ohun tí mẹ̀kúnnù ń fi ọwọ́ kan gbé.

Àbúrò mi kò san owó náà. Ó ra agolo mílíìkì, a mu mílíìkì, ó to agolo sí ẹ̀yìnkùlé. Bóyá ọmọ náà yóò di Gretzky tàbí Iginla, Ọlọ́run ló mọ̀. Ìyẹn kọ́ ló ká mi lára. Ohun tí mo gbọ́ ni pé nígbà tí ìyá rẹ̀ bá pè é wá jẹun, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń pè é kó tó wọlé.