Ìbọn olówó gọbọi àti ìbọn fákítìrì: èwo ló ń gba máàkì?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ ìbọn la fẹ́ sọ lónìí o. Kì í ṣe ìbọn ogun, kì í ṣe ti ọdẹ. Ìbọn ìdíje ni, .22, èyí tí wọ́n fi ń yìnbọn sí bébà láti mítà 50. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe eré yìí ti ń bá ara wọn fa ìbéèrè kan: ẹni tó kó owó ńlá fún alágbẹ̀dẹ pé kó fọwọ́ ṣe ìbọn tirẹ̀ lọ́tọ̀, ṣé ó máa na ẹni tó ra èyí tí wọ́n tò sí ṣọ́ọ̀bù? Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ẹ fìdí kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọta. "Rimfire" ni wọ́n ń pè é, torí pé oògùn tó ń tanná wà nínú etí ìdí rẹ̀ yípo. Irin á gbá etí yẹn, iná á ràn, òjé á jáde. Flobert, ará Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 1845. Ilé iṣẹ́ Stevens ní Amẹ́ríkà wá gbé .22 Long Rifle jáde ní 1887, òun náà ni wọ́n ṣì ń lò dòní. Ọta kékeré ni, kì í pariwo púpọ̀, kò sì wọ́n. Ẹni tí ò lówó lọ́wọ́ náà lè yìn ín.

Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó gbilẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú Ogun Boer (1899 sí 1902), àwọn àgbẹ̀ tó mọ ìbọn yìn fojú ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì rí màbo ní Gúúsù Áfíríkà. Ní 1901, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀: Society of Working Men's Rifle Clubs. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni! Lord Roberts, tó ti darí ọmọ ogun lójú ogun yẹn, ló ṣe igi lẹ́yìn ọgbà fún wọn. Èrò wọn ni pé kí ọmọ fákítìrì lè kọ́ ìbọn yíyìn lẹ́yìn iṣẹ́, pẹ̀lú ìbọn tí kò gani lára. BSA ní Birmingham sì ń ṣe irú ìbọn bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ní Amẹ́ríkà, Winchester gbé Model 52 jáde lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì di ọ̀gá lórí pápá fún ọdún púpọ̀. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn yìí ti ń gbóná, torí àwọn alágbẹ̀dẹ ń yọ ọ̀pá tí Winchester fi sí i, wọ́n ń fi tiwọn rọ́pò. Lẹ́yìn náà ni Anschütz dé. Ìdílé yẹn ti ń ṣe ìbọn láti 1856 ní Mehlis ní Jámánì. Ogun Àgbáyé Kejì lé wọn kúrò níbẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní Ulm ní 1950. Anschütz kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú o, ṣùgbọ́n ìbọn fákítìrì ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní owó rẹ̀ lè rà á.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Lórí bébà mítà 50, ojú 10 fẹ̀ tó mìlímítà 10.4. Ọta fẹ̀ tó 5.6. Tí etí ọta bá ti kan ìlà ojú 10, wọ́n á fún ẹ ní 10. Ìyẹn ni pé àárín ihò náà lè yẹ̀ tó mìlímítà 8 kó sì ṣì jẹ́ 10. Ìbọn tó bá ti lè kó gbogbo ọta rẹ̀ sínú róbótó mìlímítà 16, ó lè gba 600 nínú 600. Ìbọn fákítìrì tó dáa, bíi CZ tí wọ́n ń ṣe ní Uherský Brod ní Czech, lè ṣe bẹ́ẹ̀ látorí tábìlì, tó bá ṣáà ti rí ọta tó bá a lára mu.

Ẹ má fojú kéré "tó bá a lára mu" yẹn o. Ọta tí ẹ̀rọ kan náà ṣe, orúkọ kan náà, páálí kan náà, tí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti yàtọ̀, ìbọn lè má gbà á. Ìdí nìyí tí Eley fi ní ibi ìdánwò ní Birmingham, tí Lapua náà ní tirẹ̀ ní Schönebeck ní Jámánì. Wàá gbé ìbọn rẹ lọ, wọ́n á dè é mọ́ irin, wọ́n á máa yìn oríṣiríṣi nọ́ńbà, wọ́n á sì máa wọn bí ihò ṣe jìnnà síra. Èyí tó bá fẹ́ràn jù lo máa rà délé. Ẹni tó ní ìbọn olówó ńlá tí kò ṣe èyí, ẹni tó ní ti fákítìrì tó sì ṣe é lè nà án gbangba.

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù ló kàn. Ní 2004, Matthew Emmons, ọmọ Amẹ́ríkà, ń múra sílẹ̀ fún Olympic ní Colorado Springs. Ló bá rí i pé ẹnì kan ti mọ̀ọ́mọ̀ ba ìbọn òun jẹ́. Ẹ rántí pé bí télọ̀ ṣe ń wọn aṣọ síni lára ni wọ́n ṣe ń tún àwọn ìbọn yìí tò mọ́ ara ẹni. Amber Darland, tí wọ́n jọ mọra ní Yunifásítì Alaska Fairbanks, ló yá a ní tirẹ̀. Ìbọn yíyá yẹn ló gbé lọ sí Athens, òun ló sì fi gba góòlù nínú ìdíje ìdọ̀bálẹ̀ yìnbọn.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ó tún kù díẹ̀ kó gba góòlù kejì. Máàkì 3 ló fi ṣíwájú, ọta kan ṣoṣo ló kù. Ó yìn ín, ó sì bà á. Àfi bó ṣe jẹ́ bébà ẹlòmíì ló yìn ín sí! Òdo. Jia Zhanbo ti Ṣáínà gba góòlù, Emmons já sí ipò 8. Ìbọn kan náà, ọwọ́ kan náà. (Kateřina Kůrková, ayìnbọn ará Czech, wá tù ú nínú lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 2007. Ẹ̀yin tí ẹ ń pàdánù nǹkan, ẹ má tíì lọ sílé o.)

Ṣé owó ò wá ṣe nǹkan kan ni? Rárá, mi ò ní parọ́ fún yín. Wọ́n ti yí òfin padà. Christian Klees ti Jámánì gba 600 géérégé ní Atlanta ní 1996. Tí àwọn èèyàn bá ti ń gba gbogbo máàkì tán, báwo lẹ ṣe máa mọ ẹni tó ju ẹnì kejì lọ? Láti Seoul 1988 ni wọ́n ti ń pín ojú 10 sí wẹ́wẹ́ nínú àṣekágbá, láti 10.0 dé 10.9. Ní 2013 wọ́n mú un wọ ìpele ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje ìdọ̀bálẹ̀ náà. Mìlímítà 8 tí kò pa ẹnikẹ́ni lára tẹ́lẹ̀ wá ń jẹ ẹ́ ní 0.9. Ibẹ̀ ni ọ̀pá tí wọ́n fara balẹ̀ gbẹ́, àti ìbọn ilé iṣẹ́ kékeré bíi Bleiker ní Switzerland, ti ń rí nǹkan ṣe. Ní ti eré tí wọ́n ń pè ní benchrest, níbi tí ìbọn ti ń sùn lórí àpò iyanrìn, tí ọwọ́ èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má kàn án, ìbọn àfọwọ́ṣe ló ń jẹ ọba níbẹ̀, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé eré òṣìṣẹ́ lèyí. Wọ́n sọ òṣùwọ̀n di wẹ́wẹ́ títí tí owó fi rí àyè wọlé. Lẹ́yìn Rio 2016, wọ́n yọ ìdíje ìdọ̀bálẹ̀ fúnra rẹ̀ kúrò nínú Olympic. Èyí tó kù ni ti ipò mẹ́ta: ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀, ìdúró. Lórí ìdúró, gbígbọ̀n tí ara ń gbọ̀n ju àṣìṣe ìbọn lọ fíìfíì, kò sì sí alágbẹ̀dẹ tó ń ta oògùn ìyẹn.

Tó bá jẹ́ èmi ni, Anschütz àlòkù ni màá rà. Gbogbo owó tó bá kù, ọta ni màá fi rà.