Máàpù Egungun Dáínósọ̀ Oníwo àti Ipò Ilẹ̀ Áfíríkà Lórí Rẹ̀

Ìfáárà
Ète iṣẹ́ yìí ni láti yẹ ibi tí a ti rí egungun dáínósọ̀ oníwo ní àgbáyé wò, kí a sì wádìí ìdí tí ilẹ̀ Áfíríkà fi ṣófo lórí máàpù wọn. Ohun mẹ́ta ni irú máàpù bẹ́ẹ̀ ń fi hàn pọ̀: ibi tí ẹranko náà gbé, ibi tí òkúta ìgbà ayé rẹ̀ ṣẹ́ kù sí, àti ibi tí àwọn olùwádìí ti walẹ̀.

Ibi tí a ti rí wọn
Ní 1889 ni O. C. Marsh sọ Triceratops ti Amẹ́ríkà, oníwo mẹ́ta, lórúkọ. Ní 1923 ni a sọ Protoceratops ti Mòǹgólíà, ìbátan wọn tí kò ní ìwo gidi, lórúkọ. Ní 2010 ni a kéde Sinoceratops láti Ṣáínà àti Ajkaceratops láti Hungary, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí ti Hungary. A kò tí ì rí ọ̀kan tí ó dájú ní Áfíríkà.

Ọ̀ràn Áfíríkà
Èyí kò túmọ̀ sí pé dáínósọ̀ kò gbé Áfíríkà. Láàárín 1909 sí 1913, àwọn ará Jámánì wa egungun púpọ̀ ní Tendaguru, ní Tanzania òde òní, wọ́n sì kó o lọ sí Berlin. Ní 1976, Philippe Taquet sọ Ouranosaurus nigeriensis ti orílẹ̀-èdè Niger lórúkọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdílé oníwo ń gbilẹ̀ ní àríwá ayé, òkun ti la ilẹ̀ Áfíríkà kúrò lára ilẹ̀ àríwá.

Ọ̀ràn òkúta tún wà níbẹ̀. Ó ti tó mílíọ̀nù 66 ọdún tí àwọn dáínósọ̀ ńlá ti run. Lẹ́yìn ìgbà náà ni òkúta Ewékorò tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì dì. Iyanrìn tí ilé-iṣẹ́ Ìkejà àti Opebi dúró lé tún kéré sí i lọ́jọ́ orí. Àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ní ti èyí, Sókótó gan-an ni kí ará Opebi lọ. Níbẹ̀, ní agbègbè Goronyo, ni a ti rí egungun Goronyosaurus, ẹran afàyàfà inú òkun tí ó bá àwọn dáínósọ̀ ìkẹyìn gbé ayé. Swinton ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1930.

Àgbálọgbábọ̀
«Kò sí» àti «a kò tí ì wá a» kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ó yẹ kí ẹni tí ń ya máàpù fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kùn wọ́n, kí àìwalẹ̀ wa má baà di ẹ̀rí pé ilẹ̀ wa kò ní ìtàn.