Àfòmọ́ Ìbẹ̀rẹ̀ Nínú Èdè Welsh: Ìtàn Orúkọ Cymry

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n pe àwọn ará Wales ní "Welsh". Ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹ̀yà Jámánì àtijọ́ ń lò fún àjòjì ni wọ́n ti mú un. Ẹ wo bí wọ́n ṣe sọ onílé di àjòjì lórí ilẹ̀ baba rẹ̀! Cymry (ẹ pè é bíi Kọ́mri) ni àwọn onílé ń pe ara wọn.

Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ní 1716, Theophilus Evans tẹ ìwé kan jáde, Drych y Prif Oesoedd, nínú èyí tí ó ti so orúkọ náà mọ́ Gómérì ọmọ Jáfẹ́tì inú Bíbélì. Ìtàn náà dùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí: kom-, "papọ̀", tí a fi mọ́ brog-, "ilẹ̀, agbègbè". Àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ kan náà ni Cymry.

Kò rọrùn láti rí i, nítorí pé àfòmọ́ èdè Welsh a máa yí kọ́ńsónáǹtì tí ó bá bá pàdé padà. Nínú Yorùbá, bí a bá fi oní mọ́ aṣọ, àfòmọ́ ni ó yí padà: aláṣọ. Tiwọn a máa ba ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ pàápàá. Caredig ni onínúure. Ẹni tí kò nínúure ni angharedig. Blas ni adùn ẹnu. Diflas ni ohun tí kò ládùn. Rhif ni nọ́ḿbà. Cyfrif ni kí a kà á, láti inú èyí tí wọ́n ti ṣẹ̀dá cyfrifiadur, kọ̀ǹpútà. Cyf- yìí, kom- àtijọ́ náà ni.

William Owen Pughe kò ka òfin wọ̀nyí sí. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ti 1803, ó gé ọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sì ń hun àwọn mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí. Orúkọ èdè náà gan-an, Cymraeg, ó kọ ọ́ ní Cynmraeg lójú ìwé àkọ́kọ́. N kan ṣoṣo péré! Ṣùgbọ́n "ṣáájú" ni cyn-, kì í ṣe "papọ̀". Ọ̀rọ̀ ìbátan wá dà bí ọ̀rọ̀ ta ló kọ́kọ́ dé. Nígbà tí Johann Kaspar Zeuss, ọmọ Jámánì, tẹ Grammatica Celtica jáde ní 1853 ni ìmọ̀ àwọn èdè Celtic tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Kí ni àwọn fúnra wọn ń pe àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀? Rhagddodiad: rhag- ni "ṣáájú", dodi ni "gbé kalẹ̀". D inú dodi náà ti di dd.