Máíkì Kékeré Tó Gba Ìlù Láyè

Àwọn àgbà kan a máa sọ pé iná mànàmáná ló ba orin Yorùbá jẹ́. Pé láti ọjọ́ tí wáyà ti wọ inú ẹgbẹ́ olórin ni ìlù ìbílẹ̀ ti di ẹni ẹ̀yìn. Ní ti orin jùjú, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Nígbà tí Túndé King gbé jùjú sínú àwo ní 1936, ẹgbẹ́ kékeré ni ẹgbẹ́ jùjú l'Ékòó: báńjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti jùjú fúnra rẹ̀, ìlù pẹlẹbẹ ọlọ́wọ́ kan. Kì í ṣe pé wọn ò mọ gángan o! Ṣùgbọ́n bí gángan bá fọhùn, ta ni yóò tún gbọ́ okùn báńjò? Nígbà tó wá di 1948, Àkànbí Ẹ̀gẹ́ mú gángan wọ inú jùjú. Ìjà dé: ta ni kí a gbọ́?

Ayìndé Bákàrè ló wá ojútùú sí i ní 1949. Ó mú máíkì kékeré kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ohun èlò orin. Máíkì yìí kì í ṣe irú èyí tí akọrin ń gbé sẹ́nu. Kì í gba ohùn láti inú afẹ́fẹ́. Bí igi ṣe ń gbọ̀n ló ń gbọ́, á sì gbé e lọ sínú ẹ̀rọ tó ń bu ohùn sókè. Ṣùgbọ́n báńjò kékeré tí Bákàrè ń ta kò ní ibi tí máíkì lè lẹ̀ mọ́. Ló bá pa báńjò tì, ó gbé gìtá onígi.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e! Nígbà tí gìtá ti lóhùn, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ariwo ìlù mọ́. Ẹgbẹ́ ń gbòòrò, ìlù ń pọ̀ sí i. I. K. Dáíró dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1957, ó fi àkọ́díọ̀nù kún un. Nígbà tí Sunny Adé fi máa gbé àwo *Juju Music* jáde ní 1982, gìtá rẹpẹtẹ àti gángan ti jọ ń dáhùn ara wọn.

A pàdánù nǹkan kan ṣá. Orin pẹ̀lẹ́ inú pálọ̀ ti lọ, báńjò sì bá a lọ. Àmọ́ ẹ lọ sóde ìnáwó ní Ìjàgbà tàbí l'Ọ́wọ̀, níbi tí ẹgbẹ́ jùjú ti ń ṣeré. Bí iná bá lọ lójijì, gìtá á yadi; gángan á ṣì máa sọ̀rọ̀. Wáyà ò lé onílé jáde.