Ọjọ́ Tí Medgar Evers Pẹ́ Kó Tó Wọlé

Ilé Medgar Evers, ní òpópónà tí wọ́n ń pè ní Guynes nígbà ayé rẹ̀, nílùú Jackson ní ìpínlẹ̀ Mississippi, kò ní ilẹ̀kùn iwájú. Ẹni tó bá dúró lójú títì tó ń wá ibi tí yóò kàn, kò ní rí i. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbà wọlé, lábẹ́ òrùlé tí ọkọ̀ ń sùn sí. Wọ́n gbé fèrèsé yàrá àwọn ọmọ sókè gan-an, wọ́n sì tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ọta ìbọn tó bá gba ojú fèrèsé wọlé lè gba òkè orí wọn kọjá.

A máa ń sọ pé bàbá tó fẹ́ràn aya àtọmọ kì í pẹ́ níta. Medgar máa ń pẹ́ níta ní tiẹ̀. Láti òpin ọdún 1954 ló ti di akọ̀wé àkọ́kọ́ tí NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, yàn láti máa káàkiri Mississippi. Abúlé dé abúlé ló ń lọ, ó ń gba àwọn aláwọ̀ dúdú níyànjú pé kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ó sì ń wá ẹlẹ́rìí nígbàkigbà tí wọ́n bá pa ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí wọ́n pa ọ̀dọ́mọkùnrin Emmett Till lọ́dún 1955, ó wà lára àwọn tó wọ oko òwú lọ láti wá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Myrlie, kò fi bò pé òun ì bá fẹ́ ọkọ tó ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n jà lórí rẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ adójútòfò ni Medgar kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn tó jáde ní yunifásítì, owó ibẹ̀ kò sì burú. Ṣùgbọ́n ó ti lọ jagun fún Amẹ́ríkà ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó padà wálé, ó ní kí òun dìbò ní Decatur tí wọ́n bí òun sí, àwọn òyìnbó sì fi ìbọn lé òun àti ẹ̀gbọ́n òun padà. Ó ṣòro kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó sídìí adójútòfò títí ayé.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n Kẹ́ńyà ni Medgar ń wò nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí rẹ̀ ní June 1953. Ẹ̀wọ̀n ni Jomo Kenyatta, tó ń jà fún òmìnira ilẹ̀ náà, wà lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lákòókò náà. Bàbá ọmọ ní Kenyatta ni ọmọ òun yóò máa jẹ́. Ìyá ọmọ, tó mọ irú ìlú tí ọmọ náà yóò dàgbà sí, fi Darrell ṣíwájú orúkọ náà nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Darrell Kenyatta Evers. Èmi gbà pé ìyá rí ọ̀rọ̀ náà ju bàbá lọ níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bí Reena, kí James tí wọ́n ń pè ní Van tó dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni 11 June 1963. Kenyatta ti di olórí ìjọba Kẹ́ńyà láti ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú.

Láàárọ̀, Medgar kí ìyàwó rẹ̀, ó kí àwọn ọmọ, ó jáde, ó tún padà wọlé, ó sì tún dì mọ́ wọn. Ó sọ fún Myrlie pé ó ti rẹ òun tẹnutẹnu, pé òun kò lè tẹ̀ síwájú mọ́, òun kò sì lè dúró. Ìdí wà fún àárẹ̀ náà. Láti December ni àwọn aláwọ̀ dúdú Jackson ti kọ̀ láti rajà ní ìsọ̀ àwọn òyìnbó àárín ìlú. Ní 28 May, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ní ìsọ̀ Woolworth, àwọn jàǹdùkú lù wọ́n, wọ́n da ṣúgà àti ata sí wọn lórí. Ní òpin oṣù yẹn kan náà, ẹnì kan ju ìgò epo tí iná ti ràn mọ́ sábẹ́ òrùlé ọkọ̀ ilé wọn. Myrlie nìkan ló wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà ló fi pa iná náà. Ní 7 June, ọkọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ Medgar pa níwájú ọ́fíìsì rẹ̀.

Kò sí ohun tó ṣókùnkùn sí i nínú gbogbo rẹ̀. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ bí wọn yóò ṣe dojúbolẹ̀ bí wọ́n bá gbọ́ ìró ìbọn, kí wọ́n fàyà wọ́ dé ilé ìwẹ̀, kí wọ́n sì wọnú ọpọ́n ìwẹ̀ onírin, nítorí ibẹ̀ ni ọta kò ti lè tètè bá wọn. Bàbá mìíràn a máa kọ́ ọmọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Òun àti Myrlie ti jọ fẹnu kò pẹ̀lú pé lálẹ́, ẹni tó bá wa ọkọ̀ dé kò gbọdọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ jáde. Apá kejì ni kó gbà, kí ọkọ̀ lè wà láàárín òun àti ilẹ̀ òfìfo tó wà ní òdìkejì títì.

Kí oòrùn tó kanrí, gbogbo ojú ti yí sí Alabama tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Gómìnà George Wallace fúnra rẹ̀ ló lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yunifásítì ìpínlẹ̀ náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú méjì, Vivian Malone àti James Hood, má baà wọlé. Nígbà tó di ọ̀sán, ó kúrò lọ́nà, àwọn méjèèjì sì forúkọ sílẹ̀. Medgar ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín ọ́fíìsì àti ìpàdé. Láàárín gbogbo rẹ̀, ó ń tẹ ilé láago. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tó pè lọ́jọ́ náà, kì í ṣe nítorí nǹkan pàtàkì kan.

Ní aago mẹ́jọ alẹ́ ní Wọ́ṣíńtọ̀nù, Ààrẹ Kennedy bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin lásán, ọ̀rọ̀ ìwà tó tọ́ ni, ó sì ṣèlérí pé òun yóò gbé àbá òfin lọ síwájú ilé aṣòfin. Myrlie àti àwọn ọmọ wò ó nílé. Inú ìyá dùn débi pé ó gbà kí àwọn ọmọ má tíì sùn, kí wọ́n dúró de bàbá wọn.

Bàbá wọn wà ní ìpàdé ní ìjọ onítẹ̀bọmi kan tí wọ́n ń pè ní New Jerusalem. Èrò kò pọ̀ níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ń ta ẹ̀wù kan tí wọ́n kọ sára pé Jim Crow gbọ́dọ̀ kógbá sílé. Jim Crow ni orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo òfin tó ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Nígbà tí ìpàdé túká, Medgar kó èyí tó ṣẹ́kù sínú ọkọ̀, ó sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n.

Aago méjìlá òru ti kọjá. Àwọn ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ìyá wọn pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n, Van ti sùn lọ. Wọ́n mọ ìró ọkọ̀ Oldsmobile náà bí wọ́n ṣe mọ ohùn bàbá wọn, wọ́n sì sọ pé Dádì ti dé. Ọkọ̀ Myrlie ti wà lábẹ́ òrùlé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni Medgar dúró sí. Ó ṣílẹ̀kùn ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Ó kó àwọn ẹ̀wù náà lọ́wọ́.

Ọta kan ṣoṣo ni. Ó wá láti inú igbó tó wà lórí ilẹ̀ òfìfo yẹn, ó wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó gba àyà jáde, ó fọ́ fèrèsé, ó la ògiri ilé ìdáná, ó ta lára fìríìjì, ó sì balẹ̀ sórí pẹpẹ ìdáná nítòsí bàrà kan. Medgar wọ́ ara rẹ̀ dé ibi àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ilé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ilé, Darrell àti Reena ti ṣe gẹ́gẹ́ bí ó ṣe kọ́ wọn. Wọ́n dojúbolẹ̀, wọ́n gbé àbúrò wọn, wọ́n sì wọ ilé ìwẹ̀ lọ. Darrell kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, Reena jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ igbe ìyá wọn, wọ́n sá jáde, wọ́n ń bẹ bàbá wọn pé kó dìde.

Aládùúgbò kan yìnbọn sókè láti lé apànìyàn náà. Wọ́n gbé Medgar sórí mátírẹ́ẹ̀sì, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Lójú ọ̀nà, ó ní kí wọ́n tú òun sílẹ̀. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn lù ú tó fi kú. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó pé ẹni ọdún 38.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọlọ́pàá rí ìbọn náà nínú igbó, ipa ìka Byron De La Beckwith, ẹni tó ń ta ajílẹ̀ ní Greenwood, wà lára rẹ̀. Lọ́dún 1964, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọkùnrin méjìlá tó jẹ́ aláwọ̀ funfun jókòó lórí ẹjọ́ rẹ̀, wọn kò sì rí ibi fẹnu kò sí. Myrlie kò fi ẹjọ́ náà sílẹ̀. Ní 5 February 1994 ni wọ́n tó dá Beckwith lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ló sì ń ṣe títí tó fi kú lọ́dún 2001.

Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú 12 June yẹn, ẹjọ́ kọ́ ni opó ẹni ọgbọ̀n ọdún náà ń rò. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, ìpàdé tún wà, ní ìjọ kan ní Òpópónà Pearl. Ó ní òun yóò lọ. Ó dúró níwájú èrò, ó sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má jẹ́ kí iṣẹ́ ọkọ òun dúró, iṣẹ́ tí òun ti bá a jà sí lọ́pọ̀ ìgbà.