Ìrìn Ẹsẹ̀ ní Berlin: Ìlú tí kò fi Ìtìjú rẹ̀ Pamọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Berlin, olú ìlú orílẹ̀-èdè Jámánì, jẹ́ àgbà tí ó ṣubú tí ó sì bojú wẹ̀yìn. Ìṣẹ́gun ni ọ̀pọ̀ ìlú ń gbẹ́ ère fún. Ní Berlin, ẹni tí ó bá fẹsẹ̀ rìn láàárín ìlú yóò rí i pé wọ́n ṣe ìrántí fún ìtìjú pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní gbàgede Bebelplatz. Níbẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń tẹ̀lé Hitler ti dáná sun nǹkan bí 20,000 ìwé ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún, ọdún 1933. Láti 1995, gíláàsì kan ni a tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá bẹjú wo ìsàlẹ̀, pẹpẹ ìkówèésí funfun ni a ó rí, láìsí ìwé kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Òfìfo náà ni ìrántí.

Ní òdì kejì títì ni Neue Wache wà, ilé àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba tí wọ́n kọ́ parí ní 1818. Láti 1993, ère ìyá kan tí ó gbá òkú ọmọ rẹ̀ mọ́ra ni ó dá wà nínú rẹ̀. Käthe Kollwitz, tí ọmọ tirẹ̀ kú sójú ogun ní 1914, ni ó ṣe ère kékeré tí wọ́n wò ṣe ńlá yìí. Wọ́n dá ihò sí òrùlé lókè ère náà, òjò sì ń rọ̀ lé ìyá náà lórí.

Bí a bá gba òpópónà Unter den Linden lọ sí ìwọ̀-oòrùn, a ó dé Ẹnubodè Brandenburg, tí wọ́n kọ́ parí ní 1791. Láti 1961 di 1989, Ògiri tí ó pín ìlú náà sí méjì kò jẹ́ kí ará ìlú gba ibẹ̀ kọjá. Ní gúúsù rẹ̀, nítòsí, ni òpó kọnkéré 2,711 wà, tí wọ́n ṣí ní 2005 fún ìrántí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà Júù tí ìjọba Hitler pa. Bí ènìyàn bá ti ń wọ àárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ń jìn, tí òpó sì ń ga, títí yóò fi dà bí ẹni tí ó sọnù.

Ibi tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ó kẹ́yìn. Ní Wilhelmstraße, níbi tí ààfin Bismarck wà rí, ni àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlá ti pàdé láti oṣù Kọkànlá 1884 di oṣù Kejì 1885 lórí ọ̀rọ̀ Áfíríkà. Kò sí ọmọ Áfíríkà kankan nínú wọn. Ààfin náà kò sí mọ́. Pátákó ni ó ń sọ ìtàn rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ ọ́ nínú ìdánwò pé níbẹ̀ ni wọ́n ti fi rúlà pín Áfíríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Òfin ni wọ́n ṣe: lórí òwò ní agbègbè odò Kóńgò, lórí ọkọ̀ ojú omi lórí Odò Ọya, àti lórí ọ̀nà tí ìjọba kan yóò gbà fi hàn pé òun ti gba etíkun kan. Àwọn àdéhùn tí ó tẹ̀ lé e ni ó fa ààlà. Irú rẹ̀ ni àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti 1889, tí Kétu fi bọ́ sí apá Faransé, tí ààlà sì là á nípá sí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ní Nàìjíríà.

N kò fi ikú wé ikú. Ṣùgbọ́n òpó 2,711 yàtọ̀ sí pátákó kan. Ẹlẹ́gùn-ún ní í ṣe lákáǹlàkà tọ alábẹ lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ìtàn yìí bí ó ti rí gan-an, kí ó má baà jẹ́ pé etí títì ìlú ẹlòmíràn nìkan ni yóò wà.